Ẹrù Òkú Kì í Ṣe Ẹrù Olè

Lamjed fi sípánà yí nọ́ọ̀tì mìíràn jáde, ó gbé e sórí aṣọ tó tẹ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Sfax. Táńkì ti kúrò lára alùpùpù náà, ìjókòó ti kúrò, táyà méjèèjì ti kúrò.

Zoubeir tó ni ín wo aago. "Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé pulọ́ọ̀gì nìkan ló bàjẹ́."

"Pulọ́ọ̀gì nìkan náà ni."

"Kí lẹ wá ń tú gbogbo ẹ̀ ṣe? Aago méjì ni wọ́n ń retí mi ní Tunis."

"Sùúrù, àbúrò."

Lamjed kò yára, kò sì ba nǹkan kan jẹ́. Oṣù mẹ́ta ló ti ń ṣọ́ ọjọ́ yìí. Akọ̀ròyìn ni Zoubeir. Ó ti wá sí òpópó wọn rí, ó jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó mu kọfí ọ̀fẹ́, ó sì lọ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ọjà olè ni: òun fojú ara òun rí alùpùpù kan tí oníkálukú ń tú lára rẹ̀ lọ, kò sì sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nídìí alùpùpù tó ṣókùnkùn sí òun. Lónìí tí alùpùpù tirẹ̀ kú sójú títì, ó tì í wá síbẹ̀ láìtijú.

Alùpùpù Mongi, àbúrò Lamjed tó ṣaláìsí, ló rí lọ́jọ́ náà. Ní òpópó wọn, bí ẹni tó ń gun alùpùpù bá kú, wọn kì í ta ẹ̀rọ rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń pín in, ẹnì kan á gba táńkì, ẹnì kan á gba ṣéènì, kí òkú lè máa bá wọn rìn. Ìwé ìròyìn jáde lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọlọ́pàá ti já gbogbo rẹ̀ kúrò lára alùpùpù àwọn ọ̀rẹ́ náà, wọ́n kó o sí àgọ́ bí ẹrù olè. Ibẹ̀ ló ṣì wà.

Lamjed gbé nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn kalẹ̀. "Kà á."

"Kí ni kí n kà?"

"Gbogbo ẹ̀. Wò ó bóyá olè ti mú ọ̀kan."

Ojú Zoubeir yí padà. "Mi ò mọ̀ pé ẹ̀ ń ka ìwé ìròyìn yẹn níbí."

"Ọwọ́ wa ni epo wà, kò sí lójú wa."

"Ohun tí mo rí ni mo kọ."

"O rí i, o ò bèèrè. Èmi tí mo gbé kọfí fún ẹ ló dúró tì ẹ́ lọ́jọ́ náà." Lamjed na bébà àti bírò sí i. "Kọ ọ́ pé o ò rí olè kankan. Kọ ọ́ pé òkú ló ni ẹrù, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló pín in, ìwọ lo ò bèèrè. Kó o buwọ́ lù ú."

"Bí mi ò bá kọ ọ́ ńkọ́?"

"Wá àpò kó o kó ẹrù ẹ sí, kó o wọ bọ́ọ̀sì."

Zoubeir kọ ọ́, ó sọ bírò sílẹ̀. "Ó yá, ẹ tò ó padà."

Lamjed ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a sápò. "Ta ló ṣèlérí ìyẹn? Ṣebí o kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nídìí alùpùpù tó ṣókùnkùn sí ẹ. Pulọ́ọ̀gì tuntun nìyẹn. Mi ò gbowó ẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, aago méjì..."

Lamjed ti gun alùpùpù tirẹ̀. Ó yà sápá òsì, ó dorí kọ àgọ́ ọlọ́pàá.