Koríko Abẹ́ Omi Dídì

"Fi ilẹ̀ náà sílẹ̀, Jorunn. Ó ń sùn ni," bàbá rẹ̀ wí láti etí pápá.

 Jorunn tún gbé àáké sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, omi dídì tó bo pápá náà sì fọ́n sí i lójú. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni bàbá ti ń sọ pé ilẹ̀ ń sùn. Òjò ló rọ̀ lóṣù náà nígbà tó yẹ kí yìnyín máa bọ́, ó rọ̀ tọ̀sán-tòru. Nígbà tí òtútù padà dé, gbogbo omi tó dúró lórí pápá koríko wọn dì gbagidi. Ní erékùṣù Senja níbí, lókè àríwá, yìnyín rírọ̀ ló máa ń bo koríko bí aṣọ, koríko á sì máa mí lábẹ́ rẹ̀ títí oòrùn á fi padà. Omi dídì kì í jẹ́ kó mí. Jorunn ti ṣàlàyé èyí títí ẹnu fi ń ro ó. Halvdan bàbá rẹ̀, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, á gbọ́, á mi orí, á ní òun ti rí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹnu èyí ni wọ́n wà tí Vidar, àbúrò Jorunn, fi bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Oslo ló ti ń ṣiṣẹ́, ó wá bá wọn ṣọdún Àjíǹde. Kò tíì gbé àpò rẹ̀ wọlé tó fi ń kí wọn kú oríire. Ó ní òun gbọ́ pé ayé ń móoru, pé láìpẹ́ àlìkámà á máa hù lẹ́yìnkùlé wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́," ó ní. "Àwọn ará gúúsù ń sunkún ọ̀dá, ooru wá ń bá ẹ̀yin dé ẹnu ọ̀nà. Kí lẹ tún ń ráhùn sí?"

Jorunn fara ti àáké. Ó ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu awakọ̀ tó ń wá kó wàrà, ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà, ó tún gbọ́ ọ lórí rédíò láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an.

"Sún mọ́ ibí," ó ní. "Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí o fi imú sí ihò tí mo gbẹ́ yìí."

Vidar rò pé àwàdà ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn, ó sì ta kìjí dìde. Òórùn bí wàrà tó bàjẹ́ sínú garawa ló ń jáde níbẹ̀.

"Kí ló kú síbẹ̀?"

"Oúnjẹ àwọn màálù wa. Ooru tí o ní a jẹ, òun ló jẹ ẹ́."

Nídìí ọbẹ̀ ẹja lálẹ́, Vidar ní ó sàn kí wọ́n ta ilẹ̀ wọn tó wà létí òkun fún àwọn tó ń kọ́lé ìsinmi. Bàbá ní kò sẹ́ni tó ń ta nǹkan kan, koríko á hù tó bá di oṣù Òkúdù. Ìgbà yẹn ni sùúrù Jorunn tán.

"Bàbá, ó ti kú. Kò sùn, kò ṣàìsàn. Bí a tiẹ̀ tún un gbìn, kò ní tó gbogbo màálù wa jẹ kí òtútù tó dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún sọ fún mi pé ó ń sùn."

Bàbá rọra gbé ṣíbí kalẹ̀, ó dìde, ó sì jáde. Vidar bi Jorunn bóyá bí wọ́n ṣe ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ nìyẹn. Jorunn ní kó lọ fọ abọ́.

Nígbà tí Jorunn wọ ilé màálù láti fún wàrà, ibẹ̀ ló bá bàbá, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn Dokka, màálù tó fẹ́ràn jù.

"Mo ti gbóòórùn yẹn láti oṣù Èrèlé," bàbá ní, kò wojú rẹ̀. "Mo gbẹ́ ihò lẹ́yìn ilé ọkọ̀ ojú omi, níbi tí o kò ti ní rí mi."

"Kí wá ló dé tí ẹ kò sọ?"

"Kí n sọ pé kí ni? Bàbá mi ló la pápá yẹn." Ó fọwọ́ pa Dokka lẹ́yìn. "Dokka ni kí o kọ́kọ́ mú lọ sọ́dọ̀ alápatà. Ó ti darúgbó, oúnjẹ rẹ̀ sì ju wàrà rẹ̀ lọ. Má jẹ̀ẹ́ kí Vidar bá ọ yan àwọn tó máa lọ."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Jorunn ti ń tò sílẹ̀ láti ìgbà òtútù ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa sọ wọ́n sí mọ́. Inú ṣì ń bí i. Ó fa àpótí ìjókòó kan sún mọ́ bàbá, ó ní kó jókòó, ó sì bi í léèrè èyí tó yẹ kó tẹ̀ lé Dokka.