Ọkùnrin Tó Sọ̀kalẹ̀ Nínú Lọ́rì

Nígbà tí Miriam wà lọ́dọ̀ọ́, ó máa ń kọ ìtàn. Wọ́n ka méjì nínú rẹ̀ lórí rédíò, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ló ríṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ ní Kabba, ó lọ́kọ, ó bímọ, ẹ̀kẹta yẹn sì dúró síbi tó dúró sí.

Lọ́dún tó kọjá, ó sọ fún Andrew ọkọ rẹ̀ pé òun fẹ́ padà sídìí ìtàn kíkọ. Inú Andrew dùn. Ó ní kí káfíńtà bá a kan tábìlì, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Miriam jókòó síbẹ̀, ó kọ "Ní ọjọ́ kan". Ó wò ó. Ó dìde, ó lọ ṣa ẹ̀wà. Lọ́jọ́ kejì, ó pa "Ní ọjọ́ kan" rẹ́, ó lọ fọ aṣọ tí kò dọ̀tí. Kò pẹ́ tí ike òróró àti igbá ẹ̀wà fi gba orí tábìlì náà.

Andrew ò bínú. Ó kàn máa ń béèrè pé, "Ìwé ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀."

"Okun o," Andrew á fi ìkíni Kabba kí i, bí ẹni tó ń kí àgbẹ̀ tó ti oko dé.

Ọbalolúwa, tí òun àti Miriam jọ ń ṣiṣẹ́, gbọ́ pé ó ń kọ̀wé. Bàbá Ọbalolúwa ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní Amuro. Ó bẹ Miriam kó bá àwọn kọ ìtàn ìgbésí ayé bàbá náà, èyí tí wọ́n máa kà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú. Miriam gbà, torí òkú kì í dúró de "ó ń bọ̀".

"Kí ni bàbá ṣe láyé?" ó bi í.

"Wọ́n ṣiṣẹ́ oko."

"Kí ni wọ́n fẹ́ràn?"

Ọbalolúwa ronú. "Iṣu."

"Ṣé wọ́n rìnrìn àjò rí?"

"Wọ́n lọ Mopa nítòsí ilé."

Miriam kọ ọ́: ìbí bàbá, oko rẹ̀, ìrìbọmi rẹ̀, àwọn ọmọ tó bí. Kò kún ojú ewé kan. Ó wo àyè tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò sì dúró. Ó kọ pé nígbà tí bàbá wà lọ́dọ̀ọ́, ó wọ lọ́rì tó ń lọ sí Kánò, kò sì ní in lọ́kàn láti padà wálé. Bí lọ́rì ṣe ń jáde nílùú, ó rí ọmọbìnrin kan tó ń fọṣọ lódò. Ó lu ara ọkọ̀ gbàgbàgbà. Awakọ̀ dúró, ó bú u, bàbá sọ̀kalẹ̀, lọ́rì sì gbé àpótí rẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin yẹn ló fi ṣaya.

Miriam kà á. Ó rí i pé irọ́ ni, ó sì rí i pé ó dáa. Ó fi ránṣẹ́. Ọbalolúwa, tó ń wá màlúù ìsìnkú kiri, ò ráyè kà á kó tó gbé e fún àwọn tó ń tẹ̀wé.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, olùkọ́ ìjọ ń kà á lọ. Ó dé ibi lọ́rì. Bàbá John, àbúrò olóògbé, dìde.

"Ẹ̀gbọ́n mi ò gun lọ́rì rí," ó wí. "Tí wọ́n bá wọkọ̀, wọ́n á bì. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi lọ Mopa."

Olùkọ́ wo Ọbalolúwa. Ọbalolúwa wo Miriam. Miriam wo ilẹ̀.

Opó olóògbé, tí gbogbo ìlú ń fi orúkọ àkọ́bí rẹ̀ pè ní Ìyé Martha, jókòó níwájú pátápátá. Kò tilẹ̀ yíjú.

"Ẹ jẹ́ kó kà á tán," ó wí.

Olùkọ́ kà á tán.

Nígbà tí àlejò ti ń túká, Miriam wọlé tọ opó náà lọ, ó kúnlẹ̀. "Ìyé, ẹ dárí jì mí. Mo purọ́ mọ́ olóògbé."

"O purọ́," ni ìyá náà wí. "Bàbá ọkọ mi ló mú un wá sílé wa. Ó jẹ iyán, kò sọ̀rọ̀, wọ́n lọ. Ìgbà tó yá, wọ́n ní òun ni ọkọ mi. Ó ṣèèyàn o. Ó tọ́jú mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sọ̀rọ̀ títí ó fi kú."

"Ẹ má bínú, Ìyé."

"Èyí tó sọ̀kalẹ̀ nínú lọ́rì yẹn, nígbà tó dé etí odò, kí ló sọ fún mi?"

Miriam gbójú sókè. "Mi ò tíì mọ̀, mà."

"Kí lo wá kúnlẹ̀ síbí fún? Lọ wá a."

Lọ́jọ́ Ajé, ní ọ́fíìsì, láàárín fáìlì méjì, Miriam kọ ohun tí ọkùnrin náà sọ. Kò pọ̀. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Àpótí mi ti lọ." Lọ́jọ́ Sátidé, Miriam wọkọ̀ lọ sí Amuro, ó kà á fún Ìyé Martha. Ìyá náà pajú dé, ó ń gbọ́.

"Ṣé ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín?"

"Ó rẹ́rìn-ín, mà."

"Pa á rẹ́. Mi ò ní rẹ́rìn-ín fún ẹni tí mi ò mọ̀."

Miriam pa á rẹ́.

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tí Miriam ò bá rí nǹkan kan kọ, ojú máa ń tì í láti lọ. Tí kò bá sì lọ, Ìyé Martha á pe Ọbalolúwa lórí fóònù, á ní ṣé ara Miriam ò yá ni. Nítorí náà ó ń kọ ọ́, ìdajì ojú ewé, nígbà míì ìlà bíi mélòó kan. Nígbà tí òjò fi máa dé, ìtàn náà ti dé ibi tí ẹbí ọkùnrin ti wá tọrọ ìyàwó. Ibẹ̀ ló ṣì wà. Miriam ti ṣe tán láti tẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n Ìyé Martha ní òun ṣì ń rò ó bóyá òun á gbà.