Ogún Ìṣẹ́jú Àáyá

Ìka kan ṣoṣo tó ṣì ń gbọ́ràn sí bàbá náà lẹ́nu ló fi tẹ bọ́tìnnì. Kò sí ohùn. Ó gbé ìka kúrò, ó mí bí ẹni tó gun òkè, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ní ìgbà kẹta, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ìdajì ẹnu rẹ̀ tó ṣì lè mì sì mì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde. Ọ̀rọ̀ kò tíì jáde láti ọjọ́ mẹ́tàlélógún tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá a dùbúlẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ yìí ni wọ́n gbé e kúrò ní ọsibítù wá sílé, àpótí kékeré yìí sì ni ohun àkọ́kọ́ tó na ìka sí.

"Bátìrì ẹ̀ ló kú, Bàbá," ni ọmọ rẹ̀ obìnrin wí. Onídìrí ni. Ó fi ìrù ìyarun ṣí ẹ̀yìn àpótí náà.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìrọ̀rí tí wọ́n ní kó gbé wá. Wáyà ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ń pè é, orúkọ náà sì ti bá a délé. Ó mọ̀ pé bátìrì kò kú. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló rí àpótí náà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì iṣẹ́ bàbá wọn, láàárín àwọn rédíò tí a ti tú palẹ̀. Ohun tí kò sí nínú rẹ̀ mọ́ ni áísì, ohun dúdú pẹlẹbẹ ẹlẹ́sẹ̀ méjìdínlọ́gbọ̀n tó máa ń tọ́jú ohùn tí kò ju ogún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Òun ló yọ ọ́.

"Wọ́n ti jí nǹkan nínú ẹ̀!" ni onídìrí pariwo.

Bàbá náà na ọwọ́, ó gba àpótí, ó gbé e súnmọ́ ojú. Ihò méjìdínlọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn mọ́ bí ojú abẹ́rẹ́. Kò sí èérún lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń lẹ wáyà pọ̀ kankan létí wọn, iná kò sì jó ibì kankan. Ogójì ọdún ni bàbá yìí fi tún rédíò ṣe. Ènìyàn méjì péré ló mọ̀ tó lè yọ áísì kó mọ́ báyìí. Ọ̀kan ló wà lórí ibùsùn yìí. Ó gbójú sókè díẹ̀díẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin.

"Èmi ni, Bàbá," ni Wáyà wí.

"Ìwọ kí ni?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

"Mo fẹ́ lò ó fún ẹ̀rọ orin mi. Mo rò pé àlòkù ni."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbá a lápá mú, ó fà á dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. "Ohùn Màmá ló wà níbẹ̀," ló wí.

Aránṣọ ni ìyá wọn. Bàbá ló ṣe àpótí náà sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, pé bí oníbàárà bá dé nígbà tí ìyá wà lẹ́yìnkùlé, kó tẹ bọ́tìnnì, ohùn ìyá á sì dá a lóhùn pé, *Mò ń bọ̀ o, ẹ jókòó, ẹ má lọ.* Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, bàbá tú u kúrò lára ilẹ̀kùn. Láràárọ̀, kó tó mú iṣẹ́ kankan jẹ, á fà á yọ nínú dúrọ́ọ̀, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, á dá a padà. Onídìrí mọ̀, torí òun ló ń gbé oúnjẹ àárọ̀ lọ bá a. Wáyà wà níléèwé ní gbogbo ìgbà yẹn.

"Mo rò pé ti Màmá bá ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ ni, Àǹtí."

"Ṣé o ò kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀ ni?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ni kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi òun. Kò gbọ́ ọ, torí bí bàbá ṣe kọ́ ọ nìyẹn láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá: a kì í bi àlòkù ní ìtàn. Bí o bá yọ áísì agbohùn, fi nǹkan tìrẹ sí i kíákíá. Kan tábìlì lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà fún ọ, ó wà láàyè. Bí kò bá dá a padà, sọ ọ́ sínú garawa. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n débi pé ọwọ́ máa ń ṣe é kí orí tó rántí.

"Mo kan tábìlì sí i," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"O kan tábìlì mọ́ Màmá lẹ́nu," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, "nítorí orin fíríìjì."

Orin fíríìjì ló máa ń pe orin Wáyà, tẹ́lẹ̀ wọ́n jọ máa ń fi rẹ́rìn-ín ni. Wáyà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀, láti inú rédíò kan tí bàbá ń tún ṣe: kò sí akọrin, kò sí fèrè, ohùn kan ṣáà ń wú, ó ń yí, ó ń padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó bi bàbá pé ta ló ń kọ ọ́. "Iná ni," ni bàbá dáhùn, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi dùùrù ìṣeré ọmọdé, aago ẹnu ọ̀nà àti ìfun rédíò kan ẹ̀rọ orin pọ̀. Èyí tó parí lọ́sẹ̀ tó kọjá ló dára jù. Ó fa ìró tábìlì mẹ́ta yẹn gùn títí ó fi jinlẹ̀ bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn láti abẹ́ ilẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ̀wé sí i pé, "Wáyà, ìlù yẹn ti pa wá o!"

Ó wọ yàrá rẹ̀, ó tan ẹ̀rọ náà. Gbì. Gbì. Gbì. Ó dákẹ́.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ènìyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fọ́ láìgbọ́ ìró rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ogún ìṣẹ́jú àáyá ni áísì náà ń gbà, ìlù rẹ̀ kò sì gbà ju mẹ́rin lọ nínú wọn. Mẹ́rìndínlógún ṣì wà níwájú. Ibi tí ìlù parí sí ni áísì máa ń dúró, bí ẹni tó dé etí odò tó rò pé ayé tán síbẹ̀. Àmọ́ bí ènìyàn bá so wáyà mọ́ àwọn ẹsẹ̀ kan lára rẹ̀, ó lè pàṣẹ fún un pé kó bẹ̀rẹ̀ láti òdìkejì odò. Ó mú irin gbígbóná tí wọ́n fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì. Ó gbé e kalẹ̀, ó tún mú un.

Oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọjú.

"Ṣé ó ń bọ̀?"

"Mi ò tíì mọ̀, Àǹtí."

"Tó bá jẹ́ gbì-gbì yẹn ló tún jáde, má gbé e débẹ̀ o. Mo bẹ̀ ẹ́."

Ó so wáyà tó kẹ́yìn. Híhó díẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà: kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìyá wọn, tí kì í dúró lójú kan, ti sáré sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó gbàgbé ìka rẹ̀ sórí bọ́tìnnì ìgbohùnsílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tún ti ń tẹ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà sáré, ó dẹwọ́ níbi tí aṣọ ti ṣẹ́po, ó tún sáré. Ìyá gbé àlùmọ́gàjí kalẹ̀ sórí tábìlì. Ó tán.

Ó fi ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ó tún fi í sẹ́yìn. Gbì kẹta ló pàdé, tó fara kan ẹ̀rọ ìránṣọ pẹ́kí. Kò sí àlàfo tí ọ̀rọ̀ kan lè gbà láàárín wọn.

Ó jẹ́ kó tún sáré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bá a lọ kó tó mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ń bá a lọ. Gbogbo orin tó ti ṣe láti ọdún yìí wá, eré ẹ̀rọ ìránṣọ yìí kan náà ni wọ́n ń sá.

Ó dá áísì padà sínú àpótí, ó sì gbé e lọ. "Bàbá, ọ̀rọ̀ Màmá ti lọ," ló wí lórí ìkúnlẹ̀. "Ìyókù rèé."

Bàbá tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ ìránṣọ kún inú yàrá. Onídìrí fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì kọjú sí ògiri. Nígbà tí àlùmọ́gàjí balẹ̀, bàbá gbé ìka kúrò, ṣùgbọ́n kò tètè tún un tẹ̀. Ìdajì ẹnu rẹ̀ ń mì. Wáyà rò pé àìsàn ni. Bàbá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ sáré, àlùmọ́gàjí balẹ̀, ẹnu náà tún mì. Lọ́tẹ̀ yìí, Wáyà kà á. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin géérégé ni ẹnu náà mì, kí ìka tó sọ̀ kalẹ̀.

*Mò ń bọ̀ o. Ẹ jókòó. Ẹ má lọ.*

Ó gbé etí súnmọ́ ẹnu bàbá rẹ̀. Èémí nìkan ló gbọ́. Ó di ojú, ó gbìyànjú láti sọ ọ́ nínú ara rẹ̀ bí ìyá ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà pé, kò dín kan; ohùn Wáyà fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́, kì í ṣe ti ìyá.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, ẹnu náà tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì.