Èwo Ló Tóbi Jù?

Oyèfúnkẹ́ na téèpù ìwọ̀n náà sórí tábìlì lẹ́ẹ̀kejì, ojú rẹ̀ kò sì tíì gbà á gbọ́. 0,3 mítà bọ́ sórí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà. 0,25 kò dé ibẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré ni.

Àwọn olùkọ́ bí ogójì ló pé jọ sí ìlú Ikpinlè láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ẹ̀kọ́ ìṣirò àwọn ọmọ lè gòkè sí i. Judicaël, ọ̀gá tó ń dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́, gbé ìbéèrè àwọn ọmọ CM2, kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, síwájú àwọn olùkọ́ fúnra wọn: nínú 0,3 àti 0,25, èwo ló tóbi jù? Kíá ni Oyèfúnkẹ́ kọ 0,25, torí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ju mẹ́ta lọ. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ ọ ní kékeré. Báyìí lòun náà ti ń kọ́ àwọn ọmọ abúlé Tatonnonkon láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn.

Judicaël kò bú ẹnikẹ́ni. "Ibi tó ti sọnù la ó ti wá a," ló kàn sọ, ó sì pín téèpù fún wọn.

Lórí alùpùpù tó gbé Oyèfúnkẹ́ padà láàárín oko àgbàdo, ó rò ó pé òun lè yí ẹ̀kọ́ náà padà wẹ́rẹ́, láìsọ fún ẹnì kan. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ń bá a. Ṣùgbọ́n òun kò kúkú purọ́; ohun tí wọ́n fún òun lòun fún ọmọ.

Síbẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ ọ̀sán bẹ̀rẹ̀, ó na téèpù sára pátákó.

"Mo kọ́ yín ní àṣìṣe," ó wí. "Èmi ni mo ṣì í, kì í ṣe ẹ̀yin."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó tún gbé e mì.

Nígbà tí wọ́n jáde, ó dá Nùsírátù dúró. Ọmọbìnrin náà ń tún CM2 ṣe. Ìṣirò ló gbé e lulẹ̀ nínú CEP, ìdánwò àṣejáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lọ́dún tó kọjá. Ọdún yẹn ló kọ 0,3 sínú ìwé rẹ̀, tí Oyèfúnkẹ́ fi bírò pupa fa ìlà lé e lórí, tó sì ní kó kúnlẹ̀ torí pé ó ń jiyàn.

"O ti mọ̀ ọ́n nígbà náà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màdáámù. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n."

"Kí lo wá kọ níbi ìdánwò?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Tiyín ni mo kọ."

Oyèfúnkẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ. "Má bínú," ló rí sọ, ó sì gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ti kéré tó. "Ṣé nǹkan mìíràn tún wà tí o rí, tó ò sọ?"

Nùsírátù ronú. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó ń wá ojú ewé.

"Mẹ́ta ni, Màdáámù."

Oyèfúnkẹ́ sún síwájú lórí bẹ́ǹṣì, kí ọmọ náà lè ráyè jókòó.