Orúkọ Tí Mo Sọ Khairiyyah

Ọjọ́ kẹta tí mo wọlé ọkọ ní Ẹnu Ọwá ni mo ké sí àbúrò ọkọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, pé, "Khairiyyah, wá bá mi gbé omi yìí." Gbogbo àgbàlá yíjú sí mi. Mo mọ̀ láti ilé wa l'Ékìtì pé ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ, bó ti wù kó kéré tó. Èrò mi ni pé ará Èkó ti lajú kọjá ìyẹn. Ojú mi rí nǹkan.

Ìyá ọkọ mi, Àlàájà Àmúdàtù, ò jágbe mọ́ mi. Wọ́n ní, "Kó tó di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, wá orúkọ tí yóò jẹ́ fún un. Tí kò bá jẹ́ ẹ, àlejò ṣì ni ẹ́ níbí." Ó dùn mí wọra. "Àǹtí" lásán ni ọmọ náà ń pè mí, bí ẹni tó wá kí wọn tó máa padà.

Adúmáadán ni mo kọ́kọ́ pè é. Orúkọ tí wọ́n fi ń kẹ́ ìyá mi nìyẹn. Omi lé ròrò sí Khairiyyah lójú. "Àǹtí, dúdú ni wọ́n fi ń bú mi níléèwé." Ẹyin lohùn, mo ti fọ́ kan. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo dán Eyínfúnjowó wò, ó ní wọ́n ti fi pe ẹlòmíràn nínú ilé. Olórí kunkun ọmọ!

Ní Ọjọ́bọ̀, òjò ká mi mọ́ ìsọ̀ bọ́tìnnì mi l'Ápọ́ngbọ̀n. Nígbà tí mo sáré dé ẹnu àdúgbò wa, Khairiyyah ló dúró sábẹ́ agboòrùn, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin.

"Ta ló rán ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo rí i pé ẹ ò mú agboòrùn jáde láàárọ̀."

Mo fà á mọ́ra, a jọ rìn délé.

Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ pé, gbogbo ilé jókòó sí àgbàlá. Mo gbójú sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo pe, "Adúródèmí!" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Afusat, ìyàwó tó ṣáájú mi wọlé, ti ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ ìborùn. Síbẹ̀, mo tún un pè.

Ilẹ̀kùn òkè ṣí gbàgà.

"Mo ń bọ̀, ìyàwó mi."

Ìyàwó mi! Inú mi dùn débi pé n ò mọ ohun tí mo fẹ́ fọwọ́ mi ṣe. Àlàájà sún díẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, wọ́n ní kí n wá jókòó.