Rahinat Kò Ṣe Dókítà Mọ́

Wọ́n ti jẹ màsà tán, wọ́n ti nu ẹnu, kí Rahinat tó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun kò fẹ́ ṣe dókítà.

Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n wà, níbi tí ìyá náà, Amudat, ti ń fọ abọ́ tí wọ́n fi pín sàárà. Ọkọ rẹ̀, Àmúsà télọ̀, ló ní kí wọ́n ṣe sàárà náà. Ó ní ọmọ òun fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù yunifásítì, dókítà ló sì máa ṣe. Gbogbo Yorùbá Rọ́òdù ní Sabon Gari, ní Kano, ló gbọ́. Alfa Rájí wá ṣe àdúà, àwọn èèyàn ṣe àmín, wọ́n sì jẹ màsà, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, bí ẹni tí kò rí oúnjẹ rí. Kò sí ẹni tó bi ọmọ fúnra rẹ̀ léèrè.

"Kí lo wá fẹ́ ṣe?" Amudat bi í.

"Jiọ́lọ́jì, Màámi."

"Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

Rahinat bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rọ̀ ìwé sílẹ̀. Amudat gbé ọwọ́ tó kún fún ọṣẹ sókè. Kò lọ sílé ìwé. Ara páálí tí wọ́n fi ń kó abọ́ tánganran wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Noman's Land ló ti kọ́ ìwé kíkà fúnra rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti gùn jù, ó gbà pé ẹni tó ń sọ ọ́ ń fi nǹkan pamọ́ ni.

"Sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀."

Ọmọ náà ronú. Kano ni wọ́n bí i sí. Bí ọ̀rọ̀ bá ti le, Hausa ló máa ń bọ́ sí i lẹ́nu. "To. Omi kànga wa yìí, Màámi. Tí òjò bá rọ̀, kí ló dé tó fi ń rùn?"

"Ṣáláńgá ló wà lókè ẹ̀."

"Ẹ̀hẹ́n! Báwo ni ohun tó wà nínú ṣáláńgá ṣe ń gba abẹ́ ilẹ̀ dé inú kànga? Ibo ló yẹ ká gbẹ́ kànga sí tí kò fi ní í dé ibẹ̀? Ohun tí mo fẹ́ lọ kọ́ nìyẹn. Dókítà á fún ọmọ tó ń ṣu ní oògùn. Èmi fẹ́ kí ọmọ náà má ṣu rárá, wallahi."

"Kó má ṣu rárá kẹ̀? Ìyẹn náà àìsàn ni." Amudat rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n ó yé mi."

Ọmọ náà ti tò ó. Tíṣà Olúdáre tó ń kọ́ wọn ní jọ́gíráfì ló bá a tò ó: ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísírì ló máa kọ́kọ́ kọ́, lẹ́yìn náà ló máa kan òkúta, kó tó wá kan omi abẹ́ ilẹ̀ àti bí àgbàrá ṣe ń wọ́ ilẹ̀ lọ. Ìlọrin ló fẹ́ lọ, nítorí pé ìyá bàbá rẹ̀ wà ní Ọ̀fà nítòsí ibẹ̀, ó lè máa lọ jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Ti oúnjẹ yìí ló wọ Amudat lọ́kàn jù. Ẹni tó ti ro ibi tó ti máa jẹun, kì í ṣe eré ló ń ṣe.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gba fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ wọn nílé ìwé, Àmúsà ò sì tíì gbọ́.

Nígbà tí wọ́n sọ fún un ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró.

"Sàárà ńkọ́?"

"Wọ́n ti jẹ ẹ́ tán," Amudat ní. "Ṣé màsà ló fẹ́ lọ yunifásítì ni?"

"Ìyá Rahinat, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnu wo ni kí n fi sọ fún ẹgbẹ́?"

"Ẹnu tí ẹ fi sọ ti àkọ́kọ́."

Àmúsà mi orí. Ó ní bí Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọ̀fà bá gbà á nípàdé ọjọ́ Sọ́ńdè, òun náà gbà á. Bí wọn ò bá gbà á, dókítà ni Rahinat máa kọ, kò sì gbọdọ̀ sunkún.

"Ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ ọ́," Amudat ní.

"Rárá o. Ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ó gba ètò."

Ètò yìí gan-an ló ń ba Amudat lẹ́rù.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n pé jọ sí àgbàlá Alhaji Bàdírù, alága ẹgbẹ́. Àwọn ọkùnrin jókòó síwájú, àwọn obìnrin wà lẹ́yìn, Rahinat sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Àmúsà dìde, ó tún fìlà ṣe, ó wúkọ́.

"Ẹ̀yin àgbà, ojú ń tì mí. Ẹ jẹ màsà nílé mi, ẹ sì ṣe àdúà. Ṣùgbọ́n ọmọ là ń bí, a kì í bí ìwà mọ́ ọn. Ohun tí a kò fọkàn sí ti wọlé tọ̀ wá. Rahinat ò ní lè ṣe dókítà mọ́. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀. Tíṣà rẹ̀ kan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ẹ bá wa bò ó láṣírí."

Alhaji Bàdírù ṣí fìlà.

"Subhanallahi! Ó ti tó oṣù mélòó?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀, Alhaji. Àwa la ò tètè mọ̀."

"Tíṣà yẹn ńkọ́? Ṣé ó gbà pé òun ni?"

"Ó gbà. Inú rẹ̀ tilẹ̀ ń dùn sí i."

"Inú rẹ̀ ń dùn!" Ọkùnrin kan ti ń wá bàtà rẹ̀. "Ẹ pe ọlọ́pàá!"

"Ẹ ṣe sùúrù," Alfa Rájí ní. "Ṣé Mùsùlùmí ni tíṣà náà?"

"Rárá o, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni," Àmúsà dáhùn. Ìdí tí wọ́n fi ń bi í kò yé e.

Àwọn obìnrin ké yéè. Ìyá àgbà kan na ọwọ́ sí ikùn Rahinat láti wò ó. Rahinat fò sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. Amudat ò dúró gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Ẹ jókòó, gbogbo yín! Rahinat ò lóyún."

"Ta ló sọ pé ó lóyún?" Àmúsà pariwo.

"Ẹ̀yin ni! Láti ìgbà tí ẹ ti dìde, oyún lẹ ń sọ." Ó yíjú sí àwọn àgbà. "Ẹ̀kọ́ ló fẹ́ pààrọ̀. Kò fẹ́ kọ́ nípa ara èèyàn. Ilẹ̀ àti omi inú ilẹ̀ ló fẹ́ kọ́, kí kànga wa má bàa rùn mọ́. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Alhaji Bàdírù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́. "Àmúsà, o fẹ́ pa mí ni! Ọkàn mi ti dé Ọ̀fà, mo ti ń ro bí a ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá rẹ."

Kò sẹ́ni tó rántí màsà mọ́. Ẹnì kan ṣáà bi Alfa Rájí bóyá àdúà ti bàjẹ́. Ó ní kí ló máa bà á jẹ́, ṣé Ọlọ́run ò mọ omi ni?

Ṣùgbọ́n Alhaji Bàdírù ò tíì parí ọ̀rọ̀. Ó nu ojú. "Mo gbọ́ pé àwọn tó ń kọ́ èyí máa ń gbé òòlù gun orí òkè, wọ́n á máa fọ́ òkúta wò. Ọmọbìnrin Mùsùlùmí, kí ló máa wọ̀ gun òkè? Ìró?"

Ẹ̀rín tán. Amudat tún gbogbo ohun tí ọmọ rẹ̀ tò rò, títí dé orí oúnjẹ, kò sí aṣọ níbẹ̀. Rahinat tẹ orí ba.

"Ìró kẹ̀?" Àmúsà ló sọ̀rọ̀, bí ìgbà tí oníbàárà mú aṣọ tí kò dáa wá bá a. "Ìró á há a lẹ́sẹ̀, á ṣubú. Ṣòkòtò kakí ni, èyí tó nípọn, kó fẹ̀ ní itan dáadáa. Bùbá orí ẹ̀ á dé orúnkún. Èmi ni màá rán an!"

Ó gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Bàbá ọmọ ti fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́," Alhaji Bàdírù ní. "Èmi ò ní nǹkan sọ mọ́."

Àmúsà la ẹnu láti fi ètò díẹ̀ sí i, kò rí ètò kankan fi sí i. Ó jókòó. Àwọn obìnrin gbá Rahinat mọ́ra, ìyá àgbà ọ̀hún sì ní kó má bínú, ojú òun ni kò ríran dáadáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Rahinat fẹ́ máa lọ sílé ìwé, bàbá rẹ̀ ò jẹ́. Ó dá a dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń na téèpù sí i lẹ́sẹ̀.

"Òkúta tí wọ́n máa ń kó bọ̀ wálé, ṣé wọ́n tóbi?"

"Àwọn kan tóbi, Bàámi."

"Àpò mẹ́rin lára ṣòkòtò nìyẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe mẹ́fà."

"Mẹ́fà! Ṣé òkè Dala ti Kano yìí lo fẹ́ rù lọ sí Ìlọrin ni?"

"Ẹ ṣe mẹ́fà fún un," Amudat ké láti inú ilé, "kẹ́ ẹ sì tú ọmọ sílẹ̀ kó lọ fi fọ́ọ̀mù ẹ̀ sílẹ̀!"

Àmúsà fa téèpù rẹ̀ yọ, ó ń kùn. Rahinat ti sáré dé ìkóríta kí bàbá rẹ̀ tó ka iye tó wà lórí téèpù náà.