Tòlótòló Tó Dá Katakata Dúró

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni oòrùn máa fi ràn, rédíò ti sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, òjò. Ẹni tó bá sì ń sin màlúù lórí àwọn òkè Vermont mọ̀ pé koríko gígé tí òjò bá bá nílẹ̀ ti di jíjẹrà. Bí ìrì ṣe gbẹ ni Harlan Tewksbury ti gun katakata, tó ń gé koríko lọ ràì. Ardith, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ń rìn níwájú, ó ń ṣa òkúta kúrò lọ́nà.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ láti gbé òkúta kan ni òun àti ẹyẹ kan ṣe ojú mẹ́rin. Abo tòlótòló igbó ni, ó lẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́pẹ́, àwọ̀ rẹ̀ bí ewé gbígbẹ. Bí kì í bá ṣe ojú dúdú róbótó yẹn, Ardith ì bá tẹ̀ ẹ́. Katakata ń bọ̀ gììrì, ilẹ̀ ń mì, síbẹ̀ ẹyẹ náà kò mira.

Ardith yí padà, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó dúró gbọn-in síwájú katakata.

Harlan tẹ bíréèkì. "Ardith! Ṣé o fẹ́ kú ni?"

"Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá ọlọ́mọ wà níbí."

Bí ariwo ẹ́ńjìnnì ṣe dáwọ́ dúró ni ẹyẹ náà dìde, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ wọ inú igbó. Ẹyin mọ́kànlá ló fi sílẹ̀, àmì tó-tò-tó wà lára gbogbo wọn.

Harlan fọwọ́ họrí. "Àá kúkú dín in jẹ."

"Ẹ ò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ fi koríko yíká rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ìlà kan sílẹ̀ láti ibí dé igbó."

"Dé igbó kẹ̀? Kí gbogbo abúlé lè sọ pé Harlan ń fárí, ó gbàgbé ìdajì?"

"Tó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo la fi sílẹ̀ láàárín oko tó ti pá, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ á mọ̀ pé oúnjẹ wà níbẹ̀. Ìlà yẹn ni ìyá á máa bá yọ́ lọ jẹun."

"Ta ló kọ́ ẹ ní gbogbo èyí?"

"Ogójì ọdún tẹ́ ẹ fi ń wo bọ́ọ̀lù, ẹyẹ ni mò ń wò."

Harlan pòṣé, ṣùgbọ́n ó yí ọwọ́ katakata padà.

Ṣé ẹyẹ náà á padà? Ohun tó ń jẹ Ardith lọ́kàn nìyẹn. Ó jókòó sójú fèrèsé ilé ìdáná, ó gbé awò awọ̀nàjíjìn sójú, kọfí rẹ̀ sì tutù sínú ife. Wákàtí kan kọjá, ìkejì ń lọ sópin. Lójijì, koríko inú ìlà náà mì. Ọrùn tín-ín-rín kan yọ bí orí ejò, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì wọlé sórí ẹyin.

"Ó ti wọlé!" Ardith lu tábìlì, kọfí sì dà sílẹ̀.

Òjò tí wọ́n sọ rọ̀ fọ́jọ́ mẹ́rin gbáko. Ìyá tòlótòló sàba nínú ẹ̀, omi ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, Harlan bèèrè bí ẹni tí kò fẹ́ bèèrè: "Ìyàwó ilé yẹn ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Bàbá àwọn ọmọ ò tiẹ̀ lè wá gbà á sílẹ̀ díẹ̀?"

"Akọ wo? Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó tan ìrù bí abẹ̀bẹ̀, kó máa han kiri, kí orí rẹ̀ pọ́n, kó fun, kó tún dà bí aró. Tí abo bá ti gbà fún un, ó ti lọ nìyẹn. Kì í sàba, kì í tọ́mọ."

"Mo mọ ọkùnrin kan tó jọ ọ́."

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi fẹ́ ẹ," ni Ardith dáhùn. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ní ọjọ́ kejìlá tí wọ́n ti rí ìtẹ́ náà, Ardith yọ́ dé etí ìlà koríko, ó gbọ́ tí ìyá ń ké kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí àwọn ẹyin, tí àwọn ọmọ inú ẹyin sì ń dá a lóhùn. Kò yà á lẹ́nu. Ìyá kì í jókòó lé ẹyin títí yóò fi yé èyí tó kẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi máa ń pa pọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹyin méjì kò pa, àmọ́ ọmọ mẹ́sàn-án tẹ̀ lé e jáde, wọ́n ń lé tata kiri.

Àmọ́ iṣẹ́ kò tíì tán. Ọmọ tí kò tíì lè fò, ilẹ̀ ló ń sùn, lábẹ́ ìyẹ́ ìyá rẹ̀. Àṣá gbé ọ̀kan. Òtútù pa ọ̀kan. Ó ku méje. Harlan fúnra rẹ̀ ló ń kà wọ́n báyìí. Kì í sì í jẹun títí yóò fi ka méje pé.

Nígbà tí àwọn ọmọ pé ọ̀sẹ̀ méjì, oòrùn ń wọ̀, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jókòó nínú ọkọ̀ létí oko. Ìyá dúró nídìí igi óákù, ó wòkè, ó fò pẹ̀ẹ́ sórí ẹ̀ka ìsàlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Ọmọ kan gbọn ìyẹ́, ó fò, ó bà. Èkejì. Ẹ̀kẹta. Mẹ́fà ti gòkè. Èyí tó kéré jù fò, ó já bọ́. Ó tún fò, ó tún já bọ́.

Harlan di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. "Gbọn apá ẹ dáadáa," ló ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó wa eyín pọ̀. "Gbọn ọ́n, ọmọ dáadáa! Má wolẹ̀ mọ́!"

Ọmọ náà sáré sẹ́yìn díẹ̀, ó fi gbogbo agbára fò, ó fi èékánná há ẹ̀ka, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó dọ́gba. Ó bà!

"Méje!" Harlan ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ń fò sókè pẹ̀lú eékún tó ń dùn ún. "Méje pé! Ardith, méje pé!"

Lórí igi, ìyá na ìyẹ́ méjèèjì, àwọn ọmọ wọ abẹ́ rẹ̀ ní ọ̀tún àti òsì, tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ wọn nìkan ló ń hàn lórí ẹ̀ka.